Orin Àtijọ́ Tàbí Orin Ìgbàlódé: Èwo Ni Kí A Máa Kọ Ní Mísà Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ orin ìjọ ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ọdún yìí. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà nìyẹn, kí ni ó kan ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Ní ìlú tí Haúsá ti jẹ́ èdè ọjà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ èdè iléèwé àti ọ́fíìsì, ibo ni ọmọ wa yóò ti gbọ́ Yorùbá yàtọ̀ sí inú ilé? Níbi ìpàdé ẹgbẹ́, níbi ìnáwó, àti nílé ìsìn. Níbi ìpàdé, àgbà ní ń sọ̀rọ̀, ọmọ a jókòó. Níbi ìnáwó, oúnjẹ ni ọmọ ń wò. Nílé ìsìn nìkan ni ọmọ ti máa ń la ẹnu rẹ̀ sọ Yorùbá fún odindi wákàtí kan, nítorí pé orin ni.

Ní páríìṣì tí àwa ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ní Mísà Yorùbá. Ìjà orin sì ti wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ní orin inú ìwé ni kí a máa kọ, pẹ̀lú dùùrù, ní jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní orin inú ìwé ń mú oorun wá, pé kọ́rọ́ọ̀sì ni kí a kọ, kí a lu ìlù, kí a pàtẹ́wọ́, kí ara ó yá. Olùdarí akọrin wà láàárín méjèèjì bí ẹni tí ó gun kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́: kò sí èyí tí yóò ṣe tí wọn kò ní bá a wí. Nígbà tí ìjà náà kò tán, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn àgbà kan ń lọ sí Mísà Gẹ̀ẹ́sì ìdájí, níbi tí kò sí ariwo. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń lọ sí ìjọ míràn tí a kò ní dárúkọ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000 tí ọ̀pọ̀ ìdílé kó kúrò ní àdúgbò wọn, tí àwọn mìíràn sì kó padà sílé pátápátá, iye wa kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú páríìṣì tí Ìgbò, Tiv, Ìdómà àti àwọn ará gúúsù Kàdúná gbogbo wọn ń wá àyè fún Mísà ní èdè tiwọn, wákàtí tí àga rẹ̀ bá ń ṣófo kì í pẹ́ di ti ẹlòmíràn. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ni etí ń fẹ́ nìkan.

Èrò tiwa ni pé àwọn méjèèjì ń béèrè ìbéèrè tí kò tọ́. Ọjọ́ orí orin ni wọ́n ń bi ara wọn. Ohun tí ó yẹ kí a bi orin kọ̀ọ̀kan ni pé, ǹjẹ́ ohùn rẹ̀ jẹ́ kí a gbọ́ Yorùbá bí Yorùbá? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá ohun tí à ń ṣe nídìí pẹpẹ ní àkókò náà mu? Bí a bá bi í báyìí, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ orin tí à ń pè ní àtijọ́ ni yóò kùnà ìbéèrè kìíní, ọ̀pọ̀ orin tí à ń pè ní ìgbàlódé ni yóò sì kùnà ìkejì.

Kí ni a tilẹ̀ ń pè ní orin àtijọ́? Orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ìjọ yìí, Àgùdà, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n padà dé láti oko ẹrú ní Brazil ni ó ti wá. Kí Fadá Borghero tó yọjú sí Èkó ní 1863, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Fadá Bouche tí ó dé ní 1868 ni àlùfáà àkọ́kọ́ tí ó bá wọn gbé. Ní Òkè Ọya níhìn-ín, Shendam ni àwọn Fadá SMA ti kọ́kọ́ fi ìdí kalẹ̀ ní 1907. Láti ìgbà Padre Antonio títí di nǹkan bí 1965, Látìnì ni èdè Mísà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àtijọ́ ni òun ń fẹ́, tí ó sì ń sọ òtítọ́, Látìnì ni kí ó máa bèèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Látìnì ni àwọn àgbà wa ń sọ. Orin inú ìwé tí a túmọ̀ sí Yorùbá ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti wa, tí ohùn rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì tàbí Faransé. Lóòótọ́ a ti ń kọ irú wọn níbi ìsìn ìrọ̀lẹ́ àti ìwọ́de tipẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ìpàdé Vatican Kejì, tí ó wáyé láti 1962 sí 1965, ni wọ́n tó gba inú Mísà kan. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti tó àádọ́rin ọdún báyìí. Ohun tí ó bá nílé nígbà èwe ni ó ń pè ní àtijọ́, a kò sì lè bá a jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ìyá rẹ̀, tí ó mọ Látìnì láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìgbàlódé ni yóò pe orin yẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ ohùn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé èdè olóhùn ni Yorùbá: dò, rè, mí. Ohùn ni ó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú èyí. Ẹni tí ń ṣe orin ní Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀rọ̀ gòkè kí ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ó ti wù ú, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní yẹ̀. Nígbà tí a wá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá ka orí irú ohùn bẹ́ẹ̀, ibi tí orin bá wọ́ ọ lọ ni ó ní láti lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré tí ó ṣòro kí ìsìn Àgùdà kan parí láìlò wọ́n. Baba tí a fi ń pe Ọlọ́run, rè rè ni. Bí orin bá fà á sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, bàbà ni ó dà, ọkà bàbà tí ó kún gbogbo ọjà Kàdúná. Ọ̀run ń gòkè, láti dò sí rè. Bí orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ọrùn ni à ń kọ, ibi tí a ń so táì mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀, dò dò ni. Bí orin bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ẹ̀ṣẹ́ ni, èyí tí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ń kàn, a sì wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí ẹ̀ṣẹ́ jì wá. Èyí tí ó dùn wá jù ni Ìyá. Àwa Àgùdà fẹ́ràn Ìyá Jésù, a sì ní orin púpọ̀ fún un. Dò mí ni ìyá. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyà ni etí ń gbọ́. Ìyá tí a fẹ́ yìn di ìyà tí a ń jẹ!

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rí i. Àwọn ará wa Áńgílíkà ti rí i tipẹ́, kí á fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó darí orin ní Kàtídírà Kristi ní Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde ní 1953, ó sì tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí désàlẹ̀ ìkòkò: bí ohùn ọ̀rọ̀ ṣe ń bí ohùn orin. Ṣáájú rẹ̀ ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, ti ń fi ohùn ìbílẹ̀ ṣe orin ìyìn. Ní 1922 ni ó kọ díẹ̀ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nílùú London. Nítorí náà, orin ìjọ tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó bá ń pe irú rẹ̀ ní àṣà àwọn ọmọ òde òní, kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí kì í kọrin kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Orin inú ìwé máa ń ní ẹsẹ mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, ohùn kan náà ni a sì fi ń kọ gbogbo wọn. Kódà bí atúmọ̀ bá làágùn títí tí ẹsẹ kìíní fi bá ohùn mu, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì yàtọ̀, ohùn rẹ̀ yàtọ̀, orin kò sì yàtọ̀. Bí ẹni rán agbádá kan ṣoṣo fún ọmọ mẹ́fà ni. Yóò bá ọ̀kan mu.

Ṣé kí a wá kó gbogbo orin inú ìwé dànù ni? Rárá o. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin inú ìwé láìkọ ọ́ lórin, ẹ ó rí i pé ó ní ìwọ̀n. Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan wà níbẹ̀, ti Ara Kristi wà níbẹ̀, ti àwọn ẹni mímọ́ àti ti àwọn òkú onígbàgbọ́ wà níbẹ̀. Ẹsẹ kan ń ti èkejì lẹ́yìn bí ìwàásù, tí ẹni tí kò lọ sí katikísìmù pàápàá yóò fi mọ ohun tí ìjọ gbàgbọ́. Bí àwọn bàbá wa tí kò mọ̀wé kà ṣe mọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé tún wà níbẹ̀ fún àwa tí a wà lájò. Nígbà tí àgbà kan nínú wa bá kú, ilé ni a ń gbé e lọ, sí Kàbbà, sí Ọ̀fà, sí Ọ̀yọ́, sí Èkìtì. Àwa àti àwọn ọmọ wa a wọ ọkọ̀ òru. Nígbà tí ìjọ ilé bá dá orin ìsìnkú sílẹ̀, gbogbo ilé ìsìn a gbà á, láìsí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹlẹ́kùn-ún a máa fi sunkún, aláyọ̀ a máa fi dúpẹ́. Àwọn ọmọ Kàdúná nìkan ni yóò dúró bí igi. Wọn kò mọ ọ̀kan. Kọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ̀, a kì í kọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn ẹbí a máa wò wọ́n, ẹnu a sì máa kùn: "Ṣé ọmọ Yorùbá ni àwọn wọ̀nyí?" A ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orin inú ìwé, pẹ̀lú gbogbo ọgbẹ́ tí ó dá sí èdè lára, ni àwọn tí a fi sílẹ̀ nílé ń kọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àlejò ni ní ilé bàbá rẹ̀.

Ohun tí a rí nínú èyí ni pé àgbà tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ orin náà kí ó tó kọ ọ́, kò sí ohun tí ohùn tí ó yẹ̀ lè ṣe fún un. Bí orin bá sọ ọrùn, ọkàn rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀run. Ọmọ tí a bí sí Sabon Tasha tàbí Barnawa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú orin ni ó ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà. Bí orin bá ṣe pè é ni ó ṣe gbà pé a ń pè é, bí yóò sì ṣe pè é níwájú àwọn ìbátan rẹ̀ nìyẹn, tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ náà kò ní sọ Yorùbá mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa fi dáhùn. Àwọn òbí tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ wa mọ ohun tí à ń sọ.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tiwa lórí orin inú ìwé ni pé kí a yàn. Kí olùdarí akọrin àti àgbà méjì tí etí wọn dá ṣáṣá jókòó ti ìwé orin, kí wọ́n sọ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, kí wọ́n sì kọ ọ́ lórin tẹ̀ lé e. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá sún mọ́ ọ̀rọ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún Mísà. Èyí tí ó bá yẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé mọ̀, bíi ti ìsìnkú, kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a tó kọ́ wọn ní orin rẹ̀. Èyí tí kò ní ti ọ̀rọ̀ tí kò sì ní ti ohùn, tí a ń kọ nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ nìkan, kí a jẹ́ kí ó sinmi.

Ó wá kan orin ìgbàlódé. A ó kọ́kọ́ yìn ín, nítorí pé ìyìn tọ́ sí i. Ẹni tí ń dá orin tuntun sílẹ̀ lónìí, láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ti ń mú un jáde. Ohùn orin rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ àwọn olórin ìyìn bíi Bọ́lá Àrẹ àti Tọ́pẹ́ Àlàbí: bí wọ́n bá pe ọ̀run, ọ̀run ni, òwe àti oríkì sì kún ẹnu wọn. Àgbà tí ó bá sọ pé orin ìgbàlódé kò ní Yorùbá nínú, kò tíì fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa tí wọn kì í gba ìwé orin lọ́wọ́ wa ń kọ irú orin yìí látòkè délẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ.

Ṣùgbọ́n orin tí ó dára nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀ lè má dára nídìí pẹpẹ. Púpọ̀ nínú àwọn kọ́rọ́ọ̀sì tí à ń gbé wọ Mísà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa "èmi": ọ̀tá mi, ògo mi, ìgbéga mi, àwọn tí ń lé mi. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn gbàdúrà nítorí ọ̀tá. Àwọn Sáàmù kún fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń tò lọ gba Ara Kristi máa kọrin pé kí iná jó ọ̀tá òun, nígbà tí ọ̀tá tí ó ní lọ́kàn lè jẹ́ ẹni tí ó tò tẹ̀ lé e, ìyẹn kò bá ibẹ̀ mu rárá.

Èyí tí ó burú jù ni ti Gloria. Ní ọ̀pọ̀ Mísà Yorùbá tí a ti jókòó sí, bí Fadá bá ti dá Gloria sílẹ̀, àwọn akọrin a fi kọ́rọ́ọ̀sì ìyìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin dí i, ìlù a bọ́ sóde, aṣọ ìnujú a máa fẹ́ lẹ́lẹ́, a ó sì jókòó láìsọ ọ̀rọ̀ Gloria kan. Ìwé ìlànà Mísà tí ó wá láti Róòmù sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Gloria, bẹ́ẹ̀ náà ni pé a kò gbọdọ̀ fi orin mìíràn rọ́pò irú àwọn bíi Agnus Dei. Fadá tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ̀. Òun rò pé Gloria ni à ń kọ. Àwa tí a gbọ́ ni ó yẹ kí a mọ̀.

Bí Fadá kò bá sì gbọ́ èdè, kò ní gbọ́ ohùn ìlù. Gángan kì í fi ahọ́n sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń lù, gbogbo Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ ni ó sì gbọ́ ohun tí ó wí. Ní ìgbà ọrẹ, a ti gbọ́ onílù tí ń fi gángan kí olówó bí ó ti ń bọ̀ níwájú, tí ń ki í ní orílẹ̀ rẹ̀, tí olówó náà sì dúró tí ó ń ná owó mọ́ ọn níwájú orí níwájú pẹpẹ. Opó tí ó mú náírà díẹ̀ wá kọjá, ìlù dákẹ́. Fadá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé àṣà ìyìn Ọlọ́run ni.

Àwọn kan fi irú nǹkan báyìí gbè é pé kí ìlù kúrò nínú ìjọ pátápátá. A kò gbà. Òótọ́ ni pé Póòpù Pius Kẹwàá ka piano àti ìlù léèwọ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1903. Ṣùgbọ́n ìwé tí Vatican Kejì gbé jáde lórí ìsìn ní ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, 1963, ti sọ ibi tí a dé. Ó fi orin Gregory sí ipò iwájú, ó yin dùùrù onífèrè, ó sì tún ní kí a fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn ní ipò tí ó tọ́ sí i, kí a sì lè gba ohun èlò mìíràn wọlé bí àwọn aláṣẹ ìjọ bá fọwọ́ sí i. Ìwé kan náà ni àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń bá ara wọn jà, olúkúlùkù ń ka apá tí ó wù ú.

Ibi tí a rò pé ọ̀nà wà ni ohun tí Yorùbá ti ní kí Àgùdà kankan tó dé: lílé àti ègbè. Ẹnìkan a lé orin, gbogbo ènìyàn a gbè é. Ègbè kì í yí padà, nítorí náà ohùn rẹ̀ lè bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan kí ó sì parí síbẹ̀. Lílé ni ó ń yí padà, ẹni tí ń lé e sì ní àyè láti jẹ́ kí ohùn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ó ti ń bọ̀. Wàhálà agbádá kan fún ọmọ mẹ́fà tí a sọ lókè kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ sì wo Mísà tí Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ní 1969: lẹ́yìn ìwé kíkà àkọ́kọ́, Sáàmù ni, ẹnìkan ń kọ ẹsẹ, ìjọ ń dáhùn. Lílé àti ègbè ni Róòmù fi síbẹ̀ yẹn! Ṣùgbọ́n kí ni à ń ṣe nígbà tí ó bá kan Sáàmù ní Mísà Yorùbá? A ń kà á bí ìwé ìròyìn. Ibi kan ṣoṣo tí ìlànà ìjọ àti àṣà wa ti bọ́ sí ara wọn bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ ni a fi sílẹ̀ ní òfìfo, a wá ń jà lórí orin ìwọlé.

Àwọn mìíràn ti ṣe é, kò sì pa wọ́n. Ní Congo, Fadá Guido Haazen àti àwọn ọmọ tí ó kó jọ ṣe Missa Luba, a sì gbà á sínú àwo ní 1958. Ọ̀rọ̀ Látìnì ti Mísà ni ó wà níbẹ̀ láìyẹ̀, orin àti ìlù sì jẹ́ ti Congo. Ẹ sọ fún wa, ṣé àtijọ́ nìyẹn àbí ìgbàlódé? Ní 1988 ni Róòmù fọwọ́ sí ètò Mísà fún ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, tijótayọ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe é.

Látìnì ńkọ́? Ní tiwa, a fẹ́ kí díẹ̀ wà. Ní Mísà àpapọ̀, tí gbogbo èdè bá péjọ, ìjà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé orin ta ni yóò pọ̀ jù. Ìgbò fẹ́ ti Ìgbò, Tiv fẹ́ ti Tiv, àwa náà kò gbẹ́yìn. Látìnì kì í ṣe èdè ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Póòpù Paul Kẹfà fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí gbogbo Bíṣọ́ọ̀bù ní 1974, Jubilate Deo, tí ó kó ìwọ̀nba orin Látìnì tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìjọ mọ̀ jọ. Kyrie, Sanctus, Agnus Dei: ọmọ lè mọ wọ́n láàárín oṣù kan. Kyrie tilẹ̀ jẹ́ Gíríìkì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kọ́rọ́ọ̀sì ìyìn àti ìlù, kí wọ́n wà ní ìgbà ọrẹ àti ìgbà ọpẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti gba Ara Kristi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó bá ibẹ̀ mu. Kí gángan máa ki Ọlọ́run.

Ó ku ọ̀rọ̀ bébà. Ìwé orin tí a ń tẹ̀ fún Mísà Yorùbá, kò ní àmì ohùn lórí. Ọmọ tí ó kọ́ ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì rí "oko" níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni, ọkọ́ ni tàbí oko. Nígbà tí a ń lo tapítà, a lè gba àwáwí. Kọ̀ǹpútà ti wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa báyìí, fóònù ọwọ́ àwọn ọmọ náà sì ń tẹ àmì. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà jókòó ti àwọn àgbà tí ó mọ ohùn, kí wọ́n jọ tẹ ìwé orin tuntun. Níbẹ̀ ni a rò pé ìjà náà yóò ti rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé kò sí apá kan tí ó lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì dára. Ọdún mẹ́ta ni ìwé kíkà Ọjọ́ Àìkú fi ń yí po, nítorí náà Sáàmù mẹ́ta péré ni ó wà fún ọjọ́ náà: 122, 80 àti 25, bí Bíbélì Yorùbá ti kà wọ́n. Ègbè mẹ́ta, àti ọmọ mẹ́ta tí yóò máa lé wọn. Ìdánrawò àwọn akọrin jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ mú àwọn ọmọ yín wá.